Táíwò Lẹ Yà Lánàá, Kẹ́hìndé Lẹ Yà Lónìí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Máíkírósíkóòpù Méjì Wo Sẹ́ẹ̀lì Kan Ṣoṣo

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Kankon, lápá Àgbádárìgì, nìyí. A ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ àti ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ìyókù wà bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

 

Ta ló wà níbí tí kò ṣe àyẹ̀wò ibà rí? Ẹ nawọ́. Ó dáa, mi ò rí ọwọ́ kankan. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á gún yín lọ́mọ ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á da aró sí i. Ẹ̀yin á jókòó síta, ẹ óò máa tẹ fóònù. Ẹni tó wà nínú láábù á tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù. Nígbà tó bá yá, wọ́n á gbé bébà kan fún yín, wọ́n á ti kọ “MP ++” sí i.

Àmì “++” yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó túmọ̀ sí pé èèyàn ẹlẹ́ran ara kan ti fi ojú ara rẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yín. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ohun tó kù tí ojú yẹn ò lè rí, àti ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń dá láti rí i lára sẹ́ẹ̀lì kan náà. Mo ní sẹ́ẹ̀lì kan náà. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, òun la máa rìn dé òpin.

Ojú méjì tí kò rí bákan náà

Ìmọ́lẹ̀ ni máíkírósíkóòpù inú láábù yẹn ń lò. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú ẹ̀jẹ̀ náà kọjá, á wọ inú gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, á sì bọ́ sójú ẹni tó ń wò ó. Irú ẹ̀ ni Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan ní Algeria lọ́dún 1880. Àǹfààní ńlá tó ní ni pé ó lè wo ohun tó wà láàyè. Ẹ lè fi sẹ́ẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa ya fídíò rẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí, kẹ́ ẹ máa wo bó ṣe ń yí padà.

Ṣùgbọ́n agbára ìmọ́lẹ̀ ní ibi tó mọ. Ernst Abbe, ọmọ Jámánì, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1873. Tí nǹkan méjì bá sún mọ́ra ju nǹkan bí 200 nánómítà lọ, ìmọ́lẹ̀ á pa wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan. Kí ni nánómítà? Ẹ mú rúlà, ẹ wo mìlímítà kan, àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín ìlà méjì. Ẹ gé àlàfo yẹn sọ́nà mílíọ̀nù kan. Ọ̀kan níbẹ̀ ni nánómítà. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ yín fẹ̀ tó nǹkan bí 7,000 sí 8,000 nánómítà, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi lè fi í hàn wá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó wà lára awọ rẹ̀, ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ń súùmù fọ́tò tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó ń tóbi sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàìbàì ló ń ṣe.

Lọ́dún 1931, Ernst Ruska àti Max Knoll ṣe irú ẹ̀rọ mìíràn ní Berlin. Dípò ìmọ́lẹ̀, ẹlẹ́kítíróònù ló ń lò, ìyẹn àwọn ohun tín-ín-tín tó ń ṣàn nínú wáyà iná. Dípò gíláàsì, mágínẹ́ẹ̀tì ló fi ń darí wọn. Ruska gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1986, lẹ́yìn ọdún 55. Ẹ̀rọ yìí lè fi awọ sẹ́ẹ̀lì hàn yín bíi pé kẹ́ ẹ nawọ́ kàn án.

Wàhálà tirẹ̀ ni pé kò gba ohun alààyè. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó tó ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó máa wọ ibẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kẹ́míkà mú un dúró, kẹ́ ẹ fa omi ara rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ gé e pẹlẹbẹ, tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ di yìnyín lójijì. Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà, ó ti kú. Ẹ óò rí ojú rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ kó tó kú.

Ìbejì kì í ṣe ẹnì kan

Kí ni ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń ṣe? Wọ́n á pín ẹ̀jẹ̀ kan sí méjì. Ìdajì á lọ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìdajì á lọ sábẹ́ ẹlẹ́kítíróònù. Wọ́n á gbé fọ́tò méjèèjì ka ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á ní, “Bó ṣe rí nìyí.” Mi ò ní kò wúlò o. Ọ̀pọ̀ nǹkan tá a mọ̀ lónìí, ọ̀nà yẹn la gbà mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ẹ ya Táíwò ní fọ́tò lánàá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ya Kẹ́hìndé lónìí, ojú ẹ̀ wú. Ṣé ẹ lè gbé fọ́tò méjèèjì sórí Instagram, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, “Ẹ wo bí ojú ẹ̀ ṣe wú láàárín ọjọ́ kan”? Wọ́n jọra lóòótọ́. Ìyá kan náà ló bí wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n wáyé. Àmọ́ ẹni méjì ni wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni kò sí kòkòrò nínú wọn rárá. Nínú àwọn tí kòkòrò ti wọ̀, òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàlejò ni. Òmíràn ti gbé e fún wákàtí 40, ó kù díẹ̀ kó bẹ́. Kòkòrò ibà tó burú jù nílẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Plasmodium falciparum, ń lo nǹkan bíi wákàtí 48 nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan. Tó bá jáde, ẹyọ kan á ti di nǹkan bí 16 sí 32. Tẹ́ ẹ bá kàn gé sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ rí wò, ẹ ò mọ̀ bóyá àlejò àárọ̀ lẹ rí àbí àlejò tó ti fẹ́ kó ẹrù lọ.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òótọ́ ni, ẹlẹ́rìí méjì dáa ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ tí ẹlẹ́rìí kan bá ń sọ̀rọ̀ ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, tí èkejì ń sọ̀rọ̀ ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní Agbára, ẹjọ́ wo lẹ fẹ́ dá?

Ìbàdàn, 1969

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi hàn pé béèrè ohun méjì lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè tú àṣírí ńlá, kódà pẹ̀lú máíkírósíkóòpù oníìmọ́lẹ̀ nìkan.

Ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí wọ́n ń pè ní G6PD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì náà kó má bàa tètè bàjẹ́. Àwọn kan wà tí tiwọn ò tó, ọ̀pọ̀ wọn sì wà nílẹ̀ wa níbí. Àwọn onímọ̀ ti ń fura pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣòro fún kòkòrò ibà láti gbé. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ dájú? Tẹ́ ẹ bá mú Bọ́sẹ̀ tó ní G6PD tó pọ̀ wé Bísí tí tiẹ̀ ò tó, ẹnì kan á sọ pé, ṣé ẹ̀fọn tó jẹ wọ́n dọ́gba? Ṣé abẹ́ nẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń sùn? Ṣé oúnjẹ wọn jọra?

Lucio Luzzatto, Usanga àti Reddy, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, rí ọ̀nà àbáyọ. Orí kúrómósómù X ni jíìnì G6PD wà. Obìnrin ní X méjì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò. Nítorí náà, obìnrin tó jogún X kan tó dáa àti ọ̀kan tí kò dáa máa ní irú sẹ́ẹ̀lì pupa méjì nínú ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà, oúnjẹ kan náà, nẹ́ẹ̀tì kan náà. Sẹ́ẹ̀lì nìkan ló yàtọ̀.

Wọ́n wá fi aró bi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì: ṣé G6PD wà nínú rẹ? Ṣé kòkòrò wà nínú rẹ? Èsì tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1969 ni pé kòkòrò wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó dáa ní ìlọ́po 2 sí 80 ju bó ṣe wà nínú àwọn tí G6PD wọn ò tó. Ká ní àròpọ̀ gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n wò ni, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1970, Luzzatto, Nwachuku-Jarrett àti Reddy tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde nínú Lancet. Èyí kan jẹ́nótáìpù, ọ̀rọ̀ tí kò sí ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n, pàápàá tí ìgbéyàwó bá ti wọ̀ ọ́. Láti 1954 ni Anthony Allison ti fi hàn pé àwọn tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà. Báwo ni ààbò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwọn ará Ìbàdàn mú ẹ̀jẹ̀ AS tí kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀, wọ́n dín afẹ́fẹ́ ọ́síjìn rẹ̀ kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gba kòkòrò lálejò yára tẹ̀ bíi dòjé ju àwọn aládùúgbò wọn tí kò ní kòkòrò lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó bá sì ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ara lè tètè gbá a kúrò, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ò rí

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n lò. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Wọn ò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára awọ rẹ̀.

Tí falciparum bá ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì fún bí ọjọ́ kan, ó máa ń mú kí awọ sẹ́ẹ̀lì náà yọ kókó wẹ́wẹ́ bíi róro. Kókó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí 100 nánómítà. Ẹ rántí ibi tí agbára ìmọ́lẹ̀ mọ: 200. Ìyẹn ni pé kókó yẹn lè wà lára sẹ́ẹ̀lì bí iyanrìn etíkun Àgbádárìgì, kí ẹni tó ń wò ó nínú láábù má sì rí ẹyọ kan.

Àwọn kókó yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Orí wọn ni kòkòrò ń gbé ohun kan tó dà bí àtè sí, PfEMP1 ni wọ́n ń pè é. Àtè yìí ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, kó má bàa ṣàn dé ibi tí ara ti máa gbá a mú. Tó bá lẹ̀ pọ̀ jù nínú iṣan ọpọlọ, ìyẹn wà lára ohun tó ń fa ibà tó ń gun orí, èyí tó ń mú ọmọdé dákú, tó sì ń pa wọ́n. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà tó ń ṣe èèyàn láyé ló ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe sọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kókó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan jábọ̀ nínú PNAS pé sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ kì í lẹ̀ dáadáa bíi ti AA. Ní 2011, àwọn onímọ̀ láti Heidelberg ní Jámánì àti láti Burkina Faso fi ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróònù wo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti sọ di yìnyín. Wọ́n rí i pé nínú sẹ́ẹ̀lì tó péye, kòkòrò ń jí ohun tó ń gbé awọ sẹ́ẹ̀lì ró, ó ń fi í ṣe afárá tó fi ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sábẹ́ awọ. Nínú àwọn tó ní hímóglóbìn S tàbí C, afárá yẹn dàrú.

Ẹ wò ó báyìí. Ìbàdàn sọ pé sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀. Heidelberg àti Burkina Faso sọ pé afárá ń dàrú. Èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀, ṣé afárá tiẹ̀ ti dàrú kó tó tẹ̀? Ẹ ò lè fi sẹ́ẹ̀lì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dáhùn irú ìbéèrè yìí láéláé. Ẹ gbọ́dọ̀ wo ọ̀kan nígbà tó wà láàyè, kẹ́ ẹ rí ìgbà tó tẹ̀, kẹ́ ẹ dá a dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé òun gan-an, kì í ṣe àbúrò ẹ̀, lọ sábẹ́ ẹlẹ́kítíróònù. Iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní CLEM.

Àdírẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀

Báwo lẹ ṣe máa tún rí sẹ́ẹ̀lì kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Ẹ̀yin ará Kankon gan-an ti mọ ìdáhùn ẹ̀.

Tí àlejò bá fẹ́ wá sílé yín, ta ló ń fún un ní nọ́ńbà ilé? Ẹ óò ní, “Tó o bá ti kúrò lórí kọlitá, wàá rí ṣọ́ọ̀bù POS, wàá rí igi àgbọn mẹ́ta tó fara tira, géètì aláwọ̀ ewé tó kọjú sí i nilé wa.” Tí àlejò yẹn bá ṣí Google Maps, tó ń wo fọ́tò tí wọ́n yà láti òfuurufú, òrùlé páànù àti orí igi àgbọn ló máa rí. Kò ní rí géètì. Tó bá wá dúró sílẹ̀, á rí géètì, kò ní rí orí òrùlé. Kí ni ohun tó máa rí níbi méjèèjì? Igi àgbọn mẹ́ta yẹn ni. Igi yẹn ló máa fi mọ̀ pé ilé tóun rí lókè lòún dé nílẹ̀.

Ohun tí CLEM ń wá nìyẹn, àmì tí ojú méjèèjì lè rí.

Àkọ́kọ́, wọ́n á lo àwo kékeré kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Wọ́n ti fín ilà àti lẹ́tà sára gíláàsì náà, A1, A2, títí lọ, bíi pátákó ayò. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń léfòó káàkiri, nítorí náà wọ́n á fi ohun tó ń lẹ̀ pa ojú gíláàsì náà kí wọ́n lè dúró sójú kan.

Èkejì, wọ́n á wò wọ́n láàyè. Tí wọ́n bá ti fi jíìnì tó ń tàn sínú kòkòrò náà, á máa tàn ní àwọ̀ ewé. Ara ẹranko òkun kan tó dà bí jẹ́lì ni wọ́n ti rí ohun tó ń tàn yẹn, GFP ni wọ́n ń pè é, àwọn mẹ́ta sì gba Nobel nítorí rẹ̀ ní 2008. Wọ́n á máa ya fídíò. Tí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń ṣọ́ bá ti ṣe ohun tí wọ́n ń retí, wọ́n á da kẹ́míkà tó ń mú nǹkan dúró lé e lórí. Wọ́n á kọ àkókò sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ẹni tó ń kánjú máa ń fò: wọ́n á tún ya fọ́tò láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ ya sẹ́ẹ̀lì náà nìkan. Ẹ ya òun àtàwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹ ya gbogbo àdúgbò títí lẹ́tà ara gíláàsì á fi hàn. Ẹ ṣe é kí kẹ́míkà tó kàn tó dé, torí ósmíọ́ọ̀mù tí wọ́n máa lò lẹ́yìn èyí máa ń pa ìtànná GFP. Ẹ ò lè padà wá yà á mọ́.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n á fi ósmíọ́ọ̀mù pa sẹ́ẹ̀lì láró, wọ́n á fi ọtí líle fa omi ara rẹ̀ jáde, wọ́n á da résìn lé e, wọ́n á yan án títí á fi gan bí ike. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí gíláàsì kúrò. Lẹ́tà tí wọ́n fín sára gíláàsì ti tẹ̀ mọ́ ara résìn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, ó ti yí padà bíi ti inú dígí! Ẹ mọ bí fóònù ṣe máa ń yí sẹ́ḷ́fì padà, tí ọ̀rọ̀ ara ṣẹ́ẹ̀tì yín á wá di òdìkejì? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tí kò bá rántí, apá ọ̀tún ló máa gé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ wà lápá òsì.

Ẹ̀karùn-ún, wọ́n á fi ọ̀bẹ dáyámọ́ńdì gé ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà wà pẹlẹbẹ. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan ò nípọn ju nǹkan bí 70 nánómítà lọ. Tẹ́ ẹ bá gé sẹ́ẹ̀lì pupa kan láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì bẹ́ẹ̀, awẹ́ bí 100 lẹ máa rí. Àwọn awẹ́ yẹn á léfòó lórí omi, wọ́n á sì fi àwọ̀n irin róbótó tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ kó wọn. Awẹ́ tó bá ṣì, tó ká, tàbí tó ya, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹ̀dà.

Ẹ̀kẹfà, ìgbà yìí ni wọ́n tó dé ìdí ẹlẹ́kítíróònù. Wọ́n á tẹ́ fọ́tò ìmọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa wá àdúgbò yẹn: sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó tò bí ẹsẹ̀ ààrò, ọ̀kan tó dá dúró, èyí tó tẹ̀ bíi dòjé láàárín wọn. Ó yá, wọ́n ti délé.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yẹ̀

Ẹ má rò pé tí fọ́tò méjèèjì bá ti dé ọwọ́, iṣẹ́ ti parí. Résìn máa ń sún kì. Ọ̀bẹ máa ń tẹ awẹ́ pọ̀ lápá kan. Nítorí náà fọ́tò kejì kì í wọ ti àkọ́kọ́ bíi bàtà. Wọ́n á yan àwọn àmì tó dájú pé wọ́n wà nínú méjèèjì, wọ́n á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà na fọ́tò náà títí àmì á fi bá àmì mu. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní eC-CLEM, tó tún máa ń sọ bí àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó níbi kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ mú lọ sílé. Tí wọ́n bá fi fọ́tò aláwọ̀ mèremère kan hàn yín, àwọ̀ ewé lórí dúdú àti funfun, ẹ má kàn sọ pé “Ó rẹwà.” Ẹ béèrè: àmì mélòó lẹ fi so wọ́n pọ̀? Ibo làwọn àmì náà wà? Àmì tó wà lápá kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún apá kejì. Tí wọ́n bá sì fi tipátipá na fọ́tò kí àwọ̀ ewé lè bọ́ sórí ohun tí wọ́n fẹ́ kó bọ́ sí, ìyẹn kúrò ní ẹ̀rí, ó ti di fílítà.

Ìṣòro kejì ni iye. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti rí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Sẹ́ẹ̀lì kan kò sì lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú iṣẹ́ Ìbàdàn, tó ka sẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣì fi wúlò. Kíkà ló ń sọ fún wa bí ohun kan ṣe wọ́pọ̀ tó. Títẹ̀ lé ọ̀kan ló ń sọ fún wa bó ṣe ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ṣáájú.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹnì kan ti na ọwọ́ lẹ́yìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo eléyìí dáa, ṣùgbọ́n kí ló kàn mí?” Ìbéèrè gidi ni.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní jẹ́nótáìpù AS. Ẹ wo ẹni mẹ́ta tó jókòó tì yín. Ààbò tí mo ń sọ látàárọ̀, ara àwọn èèyàn yín ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ààbò yẹn kì í ṣe ògiri. AS lè ní ibà. Tí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ lo oògùn tí wọ́n bá fún yín tán. Àwọn tó jẹ́ SS, tí a máa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, kò sí ààbò fún wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibà máa ń le gan-an lára wọn. Tí AS bá sì fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ni ìdá kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ìfẹ́ tó wọra.

Ohun tó tún kàn wá nìyí. Tí a bá mọ̀ ní pàtó bí sẹ́ẹ̀lì AS ṣe ń dí kòkòrò lọ́wọ́ láti gbé àtè rẹ̀ sórí kókó, ẹnì kan lè ronú oògùn tó máa ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ tó jẹ́ AA. Ara wa ti mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́tipẹ́. Ó kù ká kà á láti ara sẹ́ẹ̀lì tó ń lò ó.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróònù wọ́n, ó sì nílò iná tí kì í ṣẹ́jú. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò tì pátápátá. Ní Yunifásítì Cape Town, Africa Microscopy Initiative ní ibùdó tí onímọ̀ láti ibikíbi ní Áfíríkà lè bèèrè láti lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, EMPIAR wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni fọ́tò ẹlẹ́kítíróònù tó wà níbẹ̀. Láti 2017 sì ni Francis Crick Institute ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbé Etch a Cell sórí Zooniverse, níbi tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń bá wọn fa ìlà yí ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì ká. Ojú àti sùúrù ni wọ́n ń béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè fi wákàtí mẹ́ta wo TikTok, sùúrù yín pọ̀!

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí jù lọ ò nílò ẹ̀rọ kankan. Àwọn ará Ìbàdàn ò ní CLEM ní 1969. Ìbéèrè tó dáa ni wọ́n ní. Nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá gbé fọ́tò méjì wá fún yín, “ṣáájú” àti “lẹ́yìn,” ì báà jẹ́ ìpara, ì báà jẹ́ àgbo, ì báà jẹ́ ọ̀nà tí ìjọba ní àwọn ṣe, ẹ kọ́kọ́ wá igi àgbọn mẹ́ta yẹn. Ṣé ẹnì kan náà ni? Ṣé ibì kan náà ni?

 Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí fóònù, tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè lórí jẹ́nótáìpù tàbí lórí ibà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a máa gbé e lọ bá dókítà nínú ètò tó ń bọ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó jẹ́ AS.